Kòkòrò Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dákẹ́: Bí Kòkòrò Tó Ń Fa Jẹjẹrẹ Ṣe Ń Fara Pamọ́ Fún Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ara

   

Ọ̀rọ̀ ìlera la mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọjà di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé ara wa gan-an ló fi ṣe ilé, láti kékeré títí dọjọ́ alẹ́, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa kò sì mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Lára èèyàn tó pọ̀ jù, kì í ṣe nǹkan kan. Lára àwọn díẹ̀, ó lè bá wọn dé ibi jẹjẹrẹ.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni pé, báwo ni kòkòrò yìí ṣe ń gbé inú ara fún ọdún gbọọrọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ò fi rí i mú tán? Kí ló ń mú kó dákẹ́? Kí ló ń mú kó lanu? Bí èyí bá yé wa, a ó mọ ìdí tí àwọn oníṣègùn fi ń pariwo àwọ̀n ẹ̀fọn sí wa létí, a ó sì mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣàdédé wú pẹ́ nílé.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní ìlú Kampala, ní ilẹ̀ Uganda, wọ́n gbé ọmọkùnrin kékeré kan wá bá oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lápá ọ̀tún, ó wú lápá òsì, ó wú lókè, ó wú nísàlẹ̀. Burkitt ò rí irú ẹ̀ rí. Kò pẹ́ ló tún bá ọmọ mìíràn pàdé ní ìlú míì, bákan náà ni tiẹ̀ rí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí tú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wò, ó sì rí i pé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ní 1958 ó kọ ọ̀rọ̀ náà jáde fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní 1961, òun àti àwọn dókítà ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kó sínú ọkọ̀ kan báyìí, wọ́n rin ìrìn tó tó kìlómítà 16,000 láti Uganda lọ dé apá gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń bèèrè láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn pé, ṣé ẹ ti rí ọmọ tó ní wíwú báyìí rí? Nígbà tí wọ́n ṣírò ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n rí i pé ibi tó móoru tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa ni àrùn náà wà. Lórí òkè gíga, níbi tó tutù, kò sí níbẹ̀. Ẹ rò ó wò, kí ló fẹ́ràn ooru àti omi tí kò fẹ́ràn òtútù? Ẹ̀fọn ni. A máa padà síbẹ̀.

Lọ́dún 1961 yẹn kan náà, Burkitt sọ̀rọ̀ ní ìlú London, ọ̀dọ́mọdé onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Anthony Epstein sì wà láàárín àwọn tó wá gbọ́. Ó rò ó lọ́kàn pé kòkòrò kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹran wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ láti Uganda ránṣẹ́ sí i. Ó wá a wá a, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ní ìparí 1963, kùrukùru bo London, ọkọ̀ òfuurufú ò lè balẹ̀ níbẹ̀, ìlú Manchester ló lọ balẹ̀ sí. Nígbà tí ẹrù náà fi máa dé ọ̀dọ̀ Epstein, omi inú ìgò ti dàrú. Ẹlòmíì ì bá ní ó ti bàjẹ́, kí wọ́n dà á nù. Ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra wọn ló ń léfòó láàyè nínú omi. Láti ara wọn ni òun àti Bert Achong, ọmọ Trinidad, àti Yvonne Barr ti rí kòkòrò náà, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1964. Òun ni wọ́n ń pè ní Epstein-Barr títí dòní. Ẹbí àwọn kòkòrò herpès ló ti wá, ẹbí kan náà pẹ̀lú kòkòrò tó ń fa egbò ètè. Òun sì ni virus àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ rí pé ó ní ọwọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ èèyàn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Uganda nìkan ni o. Bí ilẹ̀ ibà ṣe tẹ́ rẹrẹ láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni àrùn yìí ṣe tẹ̀ lé e, tiwa náà sì wà nínú rẹ̀.

BÍ GBOGBO WA BÁ GBÉ E, KÍ LÓ DÉ TÍ GBOGBO WA Ò ṢÀÌSÀN?

Ìbéèrè yìí dára, torí pé nínú àgbàlagbà 10 ní gbogbo ayé, ó ju 9 lọ tó gbé kòkòrò Epstein-Barr sára. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ ti kó o kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Itọ́ ló fi ń rìn. Ọmọdé tó bá kó o, ó lè máà ju ara gbígbóná díẹ̀ lọ, ìyá ẹ̀ lè máà mọ̀ rárá.

Ohun tí kò jẹ́ ká ṣàìsàn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Ẹ jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ara wa kún fún àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ ká mú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bí ilé kan. Òfin kan wà nínú ìlú ara: ohunkóhun tí wọ́n bá sè nínú ilé kan, dandan ni kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n gbé e gba ọ̀nà tóóró kan kọjá, kí wọ́n tò ó sórí àtẹ, kí wọ́n gbé àtẹ náà sẹ́nu ọ̀nà ìta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo àtẹ. Bí wọ́n bá rí oúnjẹ ilé, wọ́n á kọjá. Bí wọ́n bá rí oúnjẹ àjèjì, wọ́n á mọ̀ pé àlejò burúkú ti wọ ilé yẹn, wọ́n á sì pa ilé náà run pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ mọ ìtàn Akaba Ìdènà, ẹ mọ̀ pé ìlú tó bá fẹ́ sùn kó hanrun gbọ́dọ̀ ní aṣọ́bodè tí ò sùn.

Kòkòrò wa yìí ò ní ilé ìdáná tiẹ̀. Ìwé ló gbé wọlé. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣẹ láti ṣe nǹkan kan, àwọn ojú ìwé wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Ìwé Epstein-Barr ju 80 ojú ìwé lọ. Onílé ló máa ka ìwé náà, ilé ìdáná onílé ló sì máa fi sè é. Àmọ́ wàhálà wà: gbogbo ojú ìwé tí wọ́n bá kà, oúnjẹ ẹ̀ á dé orí àtẹ. Bí kòkòrò bá ní kí wọ́n ka gbogbo ìwé òun lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́.

Torí náà, àrékérekè rẹ̀ kò ju èyí lọ: ó mọ ojú ìwé tó yẹ kó ṣí, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó pa á dé.

ÌGBÀ TÓ BÁ PA ÌWÉ DÉ

Sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò yìí fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B. Òun náà jẹ́ ara àwọn tó ń jà fún ara, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó ṣe ọfà tí a fi ń ta àrùn. Ẹ wo ìgboyà o: inú ilé ọlọ́fà ni olè lọ sùn.

Nígbà tó bá kọ́kọ́ wọ sẹ́ẹ̀lì B, ó máa ń ṣí bí ojú ìwé mẹ́sàn-án. Àwọn yẹn ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ sí i: ilé kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ó ń ran kòkòrò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ti rí oúnjẹ àjèjì lórí àtẹ. Wọ́n á bo àwọn ilé wọ̀nyẹn, wọ́n á sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn tó bá bọ́, àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí pa ìwé dé ni. Ilé tó ń gbé ló ń bá a lẹ àmì kéékèèké mọ́ ojú ìwé náà bí ẹni fi èdìdì dí i, kò sì sẹ́ni tó máa kà á mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì B ṣe ń dàgbà di èyí tó ń pẹ́ láyé, tó ń rántí àrùn àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ń pa ojú ìwé dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi sí èyí tó ṣí. Ẹ̀ṣọ́ á dé ẹnu ọ̀nà, á wo àtẹ, oúnjẹ ilé ló máa rí, á kọjá. Kì í ṣe pé ẹ̀ṣọ́ sùn. Kò rí nǹkan kan ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì náà máa pín sí méjì. Bí kòkòrò ò bá ṣe nǹkan, ìwé ẹ̀ lè sọnù níbi tí wọ́n ti ń pín ogún. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ìwé kan ṣoṣo ló máa ṣí, èyí tí wọ́n ń pè ní EBNA1. Iṣẹ́ EBNA1 ni kó so ìwé kòkòrò mọ́ ìwé onílé, kí ọmọ méjèèjì lè gba ẹ̀dà tiwọn.

Ẹ ó ní, ó tán, EBNA1 á dé orí àtẹ nìyẹn. Kòkòrò ti ro ìyẹn náà sílẹ̀. Láàárín EBNA1, ibì kan gùn gbọọrọ tó jẹ́ èròjà méjì péré ni wọ́n ń tún tò, bí ègbè orin tí wọ́n ń gbè láìdáwọ́ dúró. Ègbè yìí ń jẹ́ kí wọ́n sè é díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó ṣòro láti gé sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà ìwọ̀nba tó ń dé orí àtẹ kò tó nǹkan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan máa ń dá a mọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kì í rọrùn fún wọn.

ÌGBÀ TÓ BÁ LANU

Kòkòrò tó bá dákẹ́ títí ò lè bímọ, kò sì lè dé ara ẹlòmíì. Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tó máa jáde sínú itọ́. Báwo ló ṣe ń mọ ọjọ́ náà?

Etí ló ń dẹ sí onílé. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì B bá gba ìpè pé kó dìde kó lọ máa rọ ọfà, àwọn ohun tó ń jí sẹ́ẹ̀lì náà sí iṣẹ́ ń jí kòkòrò náà. Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú ìwé rẹ̀, BZLF1 ni wọ́n ń pè é. Bí kọ́kọ́rọ́ yìí bá ti yí, àwọn ojú ìwé tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí ṣí tẹ̀ léra. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé èdìdì tó ń dí ojú ìwé mọ́ àwọn ẹlòmíì lójú, kọ́kọ́rọ́ yìí mọ̀ ọ́n kà. Láwọn ibì kan, níbi tí èdìdì wà gan-an ló ti máa ń dì mú dáadáa. Ohun tí kòkòrò fi ti ilẹ̀kùn fún àwọn ẹ̀ṣọ́, òun kan náà ló fi sàmì síbi tó máa gbà jáde.

Wàyí o, ìwé ti ṣí, oúnjẹ àjèjì ti pọ̀ nínú ilé. Bí àtẹ bá dé ẹnu ọ̀nà báyìí, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Àsìkò yìí ló ń ṣí àwọn ojú ìwé tó jẹ́ ohun ìjà, kò sì ṣí gbogbo wọn papọ̀. Èyí tó ń jẹ́ BNLF2a ń jáde ní kùtùkùtù, ó ń lọ dí ọ̀nà tóóró tí oúnjẹ ń gbà dé orí àtẹ. Èyí tó ń jẹ́ BGLF5 ń fa àwọn lẹ́tà onílé ya, kí ilé má baà lè kan àtẹ tuntun. Nígbà tó bá yá sí i, tí iṣẹ́ ti ń parí lọ, BILF1 ló ń ṣiṣẹ́ jù, ó ń fa àtẹ tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà padà wọlé. Òmíràn tún wà tó dà bí ìránṣẹ́ èké: ó ń fara wé ohun tí ara fúnra rẹ̀ fi ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé, ẹ rọra o, ogun ti tán.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, bó bá ní gbogbo ohun ìjà yìí, kí ló dé tí kì í lò wọ́n lójoojúmọ́? Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ohun ìjà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ àjèjì, ó lè dé orí àtẹ kó sì tú àṣírí. Èkejì, àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ilé tí kò gbé àtẹ síta rárá ni wọ́n ń fura sí. Bó ṣe rí ní ọjà náà nìyẹn: ọjọ́ tí gbogbo èèyàn pàtẹ, tí ìwọ nìkan ti ilẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí. Torí náà, ní ọjọ́ gbogbo, dídákẹ́ ló dára jù fún un. Ọjọ́ ìbímọ nìkan ló ń yọ ọ̀bẹ.

ÀBÚRÒ RẸ̀ NÁÀ Ń ṢE BẸ́Ẹ̀

Epstein-Barr nìkan kọ́ ló mọ ọgbọ́n yìí. Ní 1994, tọkọtaya onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Yuan Chang àti Patrick Moore, rí kòkòrò mìíràn nínú ẹbí náà. Òun ló wà nídìí jẹjẹrẹ Kaposi, èyí tó ń yọ bí àbàwọ́n tàbí kókó dúdú tàbí aláwọ̀ àlùkò sí awọ ara, sí ẹsẹ̀, tàbí sínú ẹnu. KSHV ni wọ́n ń pe kòkòrò náà.

Òun náà ní ìgbà ìdákẹ́ àti ìgbà ìlanu. Nígbà ìdákẹ́, ohun kan tó ń jẹ́ LANA ló ń so ìwé rẹ̀ mọ́ ìwé onílé, bí EBNA1 ṣe ń ṣe. LANA náà ní ègbè tirẹ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n tètè gé e sí orí àtẹ. Kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ ń jẹ́ RTA. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí, ohun ìjà méjì tó ń jẹ́ K3 àti K5 á jáde, wọ́n á máa já àtẹ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé e lọ dànù. K5 tún ń já àwọn àmì mìíràn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ afurasí fi ń dá ilé mọ̀.

ILÉ TÍ ẸṢỌ́ TI SÙN

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìbẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ ló ń mú kí kòkòrò pa ìwé dé? Ẹ wo ibi tí ẹ̀ṣọ́ kò sí.

Àwọn kan wà tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíì rọ́pò tiwọn nílé ìwòsàn. Kí ara má baà kọ kíndìnrín àlejò náà, dókítà máa ń fún wọn ní oògùn tó ń mú kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Lára irú wọn, Epstein-Barr lè ṣí ojú ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà láìbẹ̀rù, kí sẹ́ẹ̀lì B máa pọ̀ títí tó fi di jẹjẹrẹ. Bí dókítà bá dín oògùn náà kù tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá tún jí, wíwú náà nígbà míì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ní Yúróòpù, láti ìparí 2022, wọ́n ti fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ti kọ́ láti dá Epstein-Barr mọ̀ ni wọ́n ń fà sí irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí lára.

Bákan náà ni ti kòkòrò sídà. Sídà ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ Kaposi fi ń yọ sí ara ọ̀pọ̀ ẹni tó ní sídà tí kò lo oògùn. Bí onítọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ oògùn sídà tí kò sì pa á jẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ á padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn kókó náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀.

Ẹ̀FỌN WỌ Ọ̀RỌ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Gbogbo ọmọ ló ní kòkòrò yìí, díẹ̀ ló ní jẹjẹrẹ Burkitt. Kí ló dá wọn yàtọ̀?

Ibà ní ọwọ́ ńlá níbẹ̀. Ọmọ tí ibà ń ṣe lemọ́lemọ́, sẹ́ẹ̀lì B rẹ̀ ń pọ̀ lójoojúmọ́ kí wọ́n lè rọ ọfà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ T rẹ̀ náà ń rẹ̀. Níbi tí wọ́n sì ti ń rọ ọfà, sẹ́ẹ̀lì B máa ń gé ìwé tirẹ̀, á tún un lẹ̀, kí ọfà lè bá irú àrùn tó dé mu. Níbi gígé àti lílẹ̀ yìí, àṣìṣe lè ṣẹlẹ̀. Èyí tó ń fa Burkitt ni pé wọ́n já ojú ìwé kan tó ń jẹ́ MYC kúrò ní àyè rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí àṣẹ ọfà wà, níbi tí iṣẹ́ kì í ti í dáwọ́ dúró. MYC ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé, pín, pọ̀ sí i. Ó wá dà bí zémíjàn tí okùn iná rẹ̀ há, tí kò ṣeé dín eré ẹ̀ kù mọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, sẹ́ẹ̀lì náà ń pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ojú ìwé mẹ́sàn-án tí kòkòrò fi ń tì í láti pọ̀ kò wúlò fún un mọ́. Nítorí náà ó pa wọ́n dé, ó ku EBNA1 nìkan, onígbèé yẹn. Àtẹ ẹnu ọ̀nà irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ pàápàá máa ń ṣófo. Jẹjẹrẹ ń dàgbà, ẹ̀ṣọ́ ń kọjá, wọn ò rí nǹkan kan. Burkitt wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ń yára dàgbà jù lọ: láàárín ọjọ́ kan sí méjì péré, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Oògùn jẹjẹrẹ kì í wo àtẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pín ló ń wá, kò sì sí èyí tó ń yára pín tó ti Burkitt. Eré tí jẹjẹrẹ yìí ń sá, òun náà ló ń mú kó kú sọ́wọ́ oògùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tètè gbé dé ilé ìwòsàn tó ní oògùn náà, tí wọ́n sì gba gbogbo rẹ̀ pé, ló ń yè, tó ń padà sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn onímọ̀ tún ń gbìyànjú oògùn tó ń ṣí èdìdì, kí ìwé kòkòrò lè ṣí tipátipá, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè rí i. Ìwádìí ṣì ni èyí, kò tíì dé ọwọ́ wa.

KÍ LÓ WÀ NÍ ỌWỌ́ WA?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń tọ́jú ọmọ-ọmọ, ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí eyín rẹ̀ ń mì nígbà tí kò tíì tó àsìkò kí eyín ọmọdé bọ́. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kan ń yọ síta. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ ń wú kíákíá. Ọmọ tó ń rìn tẹ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń rọ: ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ẹ má kàn yọ eyín kí ẹ sì jókòó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì bèèrè pé, dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ? Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ẹ má ṣe yà síbì kankan lọ́nà.

Wọn ò ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí láṣe. Àìsàn wọn kò sì lè ran ọmọ míì tó bá bá wọn ṣeré. Lóòótọ́ itọ́ ló ń gbé kòkòrò náà kiri, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ti ní in, torí náà kò sí ìdí láti ya ọmọ sọ́tọ̀ tàbí láti bá ìyá rẹ̀ jà. Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún Epstein-Barr tí wọ́n ń fún ará ìlú.

Ohun tí a lè ṣe ni pé ká má jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ọmọ wa rẹ̀. Kí ọmọ máa sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn lálaalẹ́, kì í ṣe ìgbà òjò nìkan. Kí a tètè tọ́jú ibà, ká sì lo oògùn rẹ̀ tán. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pẹ̀lú àwọn abẹ́rẹ́ yòókù; ẹ̀yin abiyamọ, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ lọ. Ẹni tó bá sì ní kòkòrò sídà, kó má pa oògùn rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan.

Kòkòrò yìí ò ní jáde lára wa. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn aṣọ́bodè bá wà lójúfò, dídákẹ́ ló máa dákẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙGBỌ́

1. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín ṣàlàyé fún ara yín: kí ni àtẹ ẹnu ọ̀nà, ta sì ni àwọn ẹ̀ṣọ́?
2. Kí ló dé tí kòkòrò Epstein-Barr kì í fi ṣí gbogbo ojú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?
3. Ní abúlé yín, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá wú, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé e lọ? Ọjọ́ mélòó ló máa ń gbà kó tó dé ilé ìwòsàn? Kí lẹ lè ṣe tí ọjọ́ náà á fi dín kù?
4. Ilé mélòó nínú ẹgbẹ́ yín ni ọmọ ti sùn sínú àwọ̀n ẹ̀fọn lálẹ́ àná?

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí wa. A ó ka díẹ̀ nínú wọn sórí afẹ́fẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí a ó máa sọ̀rọ̀ nípa owó àgbàdo àti gààrí. Ọlọ́run á ṣọ́ ilé, á ṣọ́ ọmọ. Ó dàárọ̀ o.